Ta Ló Wà Lábẹ́ Àgò?

[Gbogbo ìpè tó bá jẹ mọ́ ìwé ni Malikah máa ń gbà sílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ìwé òtítọ́ ló ń kọ fún ọmọdé, ẹni tó bá sì ń kọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé etí: àmù tó ń jò ni. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ pè lọ́sàn-án ọjọ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Gàfárù, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìlobùú. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Fóònù ń dún. Ó dún, ó dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú ara rẹ̀.]

GÀFÁRÙ: Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ta ló ń sọ̀rọ̀?

MALIKAH: Ẹ káàsán, Bàbá. Malikah ni. Ẹ kú iṣẹ́, sà—

GÀFÁRÙ: Òǹkọ̀wé ni! Ẹ wá gbọ́ o, òǹkọ̀wé ló ń pè mí! Yésúfù, wá dín rédíò yìí kù fún mi.

[Rédíò kan tó lóhùn bí àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ náà ń sáré. Ẹnì kan dín rédíò kù díẹ̀, máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀.]

MALIKAH: Ara yín ńkọ́, sà? Orúnkún yẹn ńkọ́?

GÀFÁRÙ: Alihamudulilahi. Orúnkún wà lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ?

MALIKAH: Wọ́n wà, sà. Màmá ńkọ́?

GÀFÁRÙ: Ó lọ sọ́jà ní Ẹ̀rìn. Ó ní kí n kí ọ tó o bá pè. Kò mọ̀ pé o máa pè o, ṣùgbọ́n—

MALIKAH: Bàbá, ẹ dákun, ṣé orí spíkà ni mo wà?

GÀFÁRÙ: Spíkà ni! Kí gbogbo ayé gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ìwé rẹ nìyí lórí kàńtà. Oníbàárà tó bá gbé rédíò wá, ó dìgbà tó bá ka ojú ìwé kọkànlélógójì kí n tó ṣí ìdí rédíò rẹ̀.

YÉSÚFÙ: Malikah, Yésúfù télọ̀ ni. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Rédíò kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

MALIKAH: Ẹ káàsán, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò lórí spíkà. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni mo fi pè.

GÀFÁRÙ: Ọ̀rọ̀ ìwé gan-an ló yẹ kí wọ́n gbọ́!

MALIKAH: Ẹ jọ̀ọ́, sà.

GÀFÁRÙ: Ó dáa, ó dáa. Ó dà? Èyí… rárá. Èyí. Ó tán. Mo ti yọ ọ́.

[Ó ti tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.]

MALIKAH: Ìbéèrè kékeré kan ni, Bàbá. Lọ́dún ìjà ilẹ̀ Ìlobùú àti Ìfọ́n yẹn, nígbà tí ẹ fi obìnrin ará Ìfọ́n yẹn pamọ́ sábẹ́ àgò adìẹ yín—

GÀFÁRÙ: Hẹn-ẹ́n! Sọ ọ́ kí n gbọ́. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

MALIKAH: Adìẹ mélòó lẹ ní nígbà yẹn?

GÀFÁRÙ: Kí ni?

MALIKAH: Adìẹ, sà. Tó wà nínú àgò yẹn.

GÀFÁRÙ: Wọ́n… wọ́n pọ̀.

MALIKAH: Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ adìẹ?

GÀFÁRÙ: Ṣé dandan ni kí ẹni tó ń sìn ín jẹ ẹ́ ni?

MALIKAH: Ẹ̀yin tí ẹ gun orí àga lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ mi, nítorí àkùkọ kan ṣoṣo?

GÀFÁRÙ: Ojú àkùkọ yẹn ò dáa! Gbogbo èèyàn ló rí i!

[Lọ́dọ̀ Malikah, adìẹ kan ké.]

GÀFÁRÙ: Kí nìyẹn?

MALIKAH: Kí ni kí ni, sà?

GÀFÁRÙ: Ó dà bíi— Níbo lo wà?

MALIKAH: Ibi iṣẹ́ ni mo wà, Bàbá.

GÀFÁRÙ: Ẹ ti ń sin adìẹ ní ọ́fíìsì?

MALIKAH: Ìlà yẹn ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

GÀFÁRÙ: Mo gbọ́ ọ. Mo tún gbọ́ adìẹ.

MALIKAH: Bàbá, àsìkò àtẹ̀jáde kejì ìwé yẹn ti dé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà ni. Iléèwé Ìlobùú máa gbà, ti Ìfọ́n máa gbà. Dámiláre tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Òṣogbo ti kó bébà sórí ẹ̀rọ. Aago mẹ́rin géérégé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ní kó fi dúró dè mí.

GÀFÁRÙ: Èwo?

MALIKAH: Kọkànlélógójì.

GÀFÁRÙ: Tèmi? Kí ló ń dúró dè? Tẹ̀ ẹ́! Kódà, ẹ ya àwòrán mi tóbi sí i. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, mo dà bí ẹni tí ebi ń pa.

MALIKAH: Àwọn kan ní ìtàn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

GÀFÁRÙ: Àwọn wo?

MALIKAH: Ní Ìfọ́n.

[Irinṣẹ́ kan bọ́ lu kàńtà.]

GÀFÁRÙ: Ta ló rán ọ lọ sí Ìfọ́n?

MALIKAH: Iléèwé ló pè mí, sà. Praímárì fáìfù ń ka ìwé náà—

GÀFÁRÙ: Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ kìíní? Kí ni mo sọ?

MALIKAH: Mo rántí ohun tí ẹ sọ! Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú! Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ, Bàbá. Ìwé kìíní dá lórí ẹ̀sìn àwọn èèyàn àgbáyé: mo bi àlùfáà, mo bi pásítọ̀, mo bi ẹlẹ́sìn Búdà méjì lórí fóònù, ìkan ń sùn lọ́wọ́. Ìwé kejì dá lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti òkun tó ń gun ilé àwọn èèyàn: ẹlẹ́rìí méjì-méjì. Ìwé kẹta nìyí, àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún aládùúgbò wọn nígbà ogun, ìlú mọ́kànlá káàkiri ayé. Mo wá ẹlẹ́rìí méjì fún Rùwáńdà. Mo wá méjì fún Bọ́síníà. Ìlú tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí! Ìlobùú àti Ìfọ́n, tí mo lè gun ọ̀kadà dé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo gbà!

GÀFÁRÙ: Ta nìyẹn?

MALIKAH: Ẹ̀yin!

GÀFÁRÙ: Ẹlẹ́rìí kan tó jẹ́ bàbá ẹni, ó ju mẹ́wàá lọ.

MALIKAH: Mo sọ fún yín pé kí n ré kọjá sí Ìfọ́n, kí n bi ẹnì kan níbẹ̀. Kí lẹ ṣe? Ẹ ṣí fìlà. Ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ lọ wádìí ọ̀rọ̀ ẹnu yín wò, kí n tẹ fìlà yín kọjá kí n máa lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé fìlà fún yín. Mo bẹ̀ yín. Mo padà sílé, mo tẹ ìwé.

GÀFÁRÙ: Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ ń ṣe nìyẹn.

MALIKAH: Ohun tí òǹkọ̀wé tí kò gbọ́n ń ṣe nìyẹn!

GÀFÁRÙ: Rọra o. Rọra. Mo ní kí o rọra.

MALIKAH: Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ní kí n júwe obìnrin yẹn? Ẹ ní ó ń sin adìẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo kọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀rù bà á lábẹ́ àgò títí ó fi tọ̀ sára. Mo ní ẹ jẹ́ kí n yọ ìyẹn. Ẹ ní rárá, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti máa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́!

GÀFÁRÙ: Wọn ò rẹ́rìn-ín ni?

MALIKAH: Wọ́n rẹ́rìn-ín! Bàbá, obìnrin kan ṣoṣo ló ń sin adìẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí yẹn! Kò sí ọmọ Ìfọ́n tí ò mọ̀ ọ́n! Ọmọ ọmọ rẹ̀, Tọ̀yìbátù, wà nínú kíláàsì yẹn. Wọ́n kà á sókè. Ọmọ náà ò lọ síléèwé láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ àgbà báyìí? Ìyá Atọ̀lé!

[Nǹkan kan bọ́ lẹ́nu Gàfárù bí ẹ̀rín. Ó yára gbé e mì.]

MALIKAH: Ẹ ń rẹ́rìn-ín?

GÀFÁRÙ: Ikọ́ ni.

MALIKAH: Ẹ̀rín lẹ rín, Bàbá!

GÀFÁRÙ: Mo ní ikọ́ ni! Ó ti parí. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á gbàgbé. Sọ fún Dámiláre kó tẹ ìwé.

MALIKAH: Mi ò ní sọ fún un.

GÀFÁRÙ: O ò ní ṣe kí ni?

MALIKAH: Ọ̀rọ̀ yín, sà… ọ̀rọ̀ yín fì sápá kan díẹ̀.

GÀFÁRÙ: Ó fì báwo?

MALIKAH: Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé ibì kan.

GÀFÁRÙ: Mi ò gbàgbé nǹkan kan.

MALIKAH: Tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sípò orí.

GÀFÁRÙ: Sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ! Ṣé o gbọ́ mi? Má máa rìn yí ilé ká bí olè. Gba ẹnu ọ̀nà wọlé!

MALIKAH: Ẹ parọ́!

[Máṣíìnì ìránṣọ dákẹ́ lójijì. Abẹ́rẹ́ pàápàá ò jẹ́ kan aṣọ mọ́.]

GÀFÁRÙ: Ta lo sọ ìyẹn fún?

MALIKAH: Ẹ̀yin ni, sà.

GÀFÁRÙ: Èmi. Èmi tí mo gbé ọ lọ́wọ́ lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ. Èmi tí mo ta kẹ̀kẹ́ kí o lè ṣe wáyẹ́ẹ̀kì. Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ Malikah, o la ẹnu, o ní—

MALIKAH: Ẹ tún máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ òótọ́ tó pa á mọ́, inú ara rẹ̀ ló ń gún ní ọ̀bẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!

GÀFÁRÙ: Gbọ́ dáadáa. Bí o bá fi ọwọ́ kan ojú ìwé yẹn, bí o bá yí lẹ́tà kan padà, má pè mí ní bàbá mọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń ṣe kìrà-kìrà.]

GÀFÁRÙ: Malikah! Ṣé o gbọ́ mi?

MALIKAH: Mo gbọ́ yín.

[Ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀ mí ìmí ẹ̀dùn, adìẹ sì ké lẹ́ẹ̀kan sí i.]

GÀFÁRÙ: Kí làwọn ẹranko yẹn fẹ́ gan-an?

MALIKAH: Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Bàbá. Ohun tó bá jáde látinú ẹ̀rọ yẹn ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ máa gbà gbọ́ títí wọ́n á fi bí ọmọ tiwọn.

GÀFÁRÙ: Kí ló wá burú ńbẹ̀? Ará Ìlobùú gba ará Ìfọ́n là. Àbí ará Ìfọ́n gba ará Ìlobùú là. Ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ ni? Èèyàn ṣáà gba èèyàn là. Ta ló bìkítà ta ló wà lábẹ́ àgò, ta ló wà lókè?

MALIKAH: Ẹni tó wà lókè bìkítà! Ẹ̀kọ́ tó wà nínú tiyín ni pé àwa la dáa. Àwọn ọmọ Ìlobùú ń ka tiyín, wọ́n ń yan. Bàbá, torí kí wọ́n má yan ni mo ṣe kọ ìwé!

GÀFÁRÙ: Ìwọ ò mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí!

MALIKAH: Ẹ sọ fún mi!

GÀFÁRÙ: O ò mọ̀ ọ́n! Mo dé ilé, gbogbo ẹgbẹ́ mi ti kóra jọ síwájú ilé bàbá Jàlálù. Jàlálù ní ọwọ́ lásán lòun fi gba àdá. Òmíràn ní òun nìkan lé èèyàn méjìlá. Gbogbo wọn ń gbéra ga. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Gàfárù, ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?" Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n ní abẹ́ àgò ni mo wà?

[Rédíò pàápàá dà bíi pé ó ń gbọ́.]

MALIKAH: Bàbá.

GÀFÁRÙ: Mi ò sọ nǹkan kan.

MALIKAH: Ẹ ti sọ ọ́.

GÀFÁRÙ: Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe!

MALIKAH: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

GÀFÁRÙ: …Ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?

[Kìrà-kìrà ìlà ni Malikah fi ṣe àwáwí.]

GÀFÁRÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

MALIKAH: Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ máa wí.

GÀFÁRÙ: Mo gbé rédíò lọ fún obìnrin yẹn ni. Ó gbé e fún mi pé kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe, mo lọ gbé e fún un. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ariwo fi sọ. Àwọn kan yọ sí mi. Mo sá. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ará Ìfọ́n ló ń lé mi ni, bóyá ará ilé mi ni. Ẹni tó ń sá kì í béèrè ìlú ẹni tó ń lé e.

MALIKAH: Lẹ́yìn náà ńkọ́?

GÀFÁRÙ: Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo àgò, àgò ńlá tí wọ́n fi ń bo tòlótòló. Ó ní, "Bọ́ sábẹ́ ẹ̀." Mo ní, "Ìyá, adìẹ wà ńbẹ̀." Ó ní, "Adìẹ kì í béèrè ìlú èèyàn."

[Nǹkan kan dún lọ́dọ̀ Malikah, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá gbé ẹsẹ̀ kan sórí èkejì.]

GÀFÁRÙ: Mo ká orúnkún mọ́ àyà. Adìẹ méje. Wọ́n ń fi ẹnu ṣá mi bí ìgbà tí wọ́n ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn èèyàn yẹn wọlé. Mo ń rí ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀kan fi igi kan àgò. Obìnrin yẹn pariwo mọ́ ọn! Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Adìẹ mi ń sàba. Ẹni tó bá da ẹyin mi rú, òun náà á jókòó sàba rẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n jáde. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, Malikah. Adìẹ kan sùn lórí mi.

MALIKAH: Ta ló tọ̀?

GÀFÁRÙ: Kí ni?

MALIKAH: Ta ló tọ̀ sára, Bàbá?

GÀFÁRÙ: Ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù tẹ́lẹ̀.

MALIKAH: Bàbá!

GÀFÁRÙ: Èmi ni.

OHÙN OBÌNRIN KAN: Sọ ọ́ sókè, Gàfárù. Etí mi ti ń di.



GÀFÁRÙ: Ta nìyẹn?

OHÙN NÁÀ: Adìẹ ni.

GÀFÁRÙ: Malikah. Malikah! Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?

MALIKAH: Pálọ̀ wọn ni mo wà, sà. Ní Ìfọ́n. Ìyá Rísíkátù ni.

GÀFÁRÙ: O fi mí sórí spíkà! Èmi bàbá rẹ! O fi mí sórí spíkà bí ẹni ń polówó oògùn kòkòrò!

YÉSÚFÙ: Gàfárù, ìwọ náà fi í sórí spíkà.

GÀFÁRÙ: Yésúfù? Mo ti yọ ọ́!

YÉSÚFÙ: Tọ́ọ̀ṣì lo tàn. Ó ti ń bọ́ sí mi lójú látìgbà yẹn.

[Ohun kan bí igbe, bí ìmí ẹ̀dùn, jáde lẹ́nu Gàfárù.]

GÀFÁRÙ: O gbọ́ gbogbo ẹ̀?

YÉSÚFÙ: Títí dórí ilẹ̀ tó tutù.

GÀFÁRÙ: Mo gbé. Jàlálù á gbọ́. Jàlálù tó fọwọ́ gba àdá—

YÉSÚFÙ: Jàlálù wo? Jàlálù tó wà nínú àjà ilé wa lọ́jọ́ yẹn? Èmi ni mo gbé àtẹ̀gùn fún un.

GÀFÁRÙ: Kí lo wí?

YÉSÚFÙ: Èmi náà gòkè tẹ̀ lé e. Ta ni mo fẹ́ dúró dè nísàlẹ̀?

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Ṣé ẹ ti ṣe tán? Àbí kí n lọ gbé oúnjẹ fún adìẹ kí n tó padà wá bínú?

MALIKAH: Ẹ máa wí, Ìyá.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Gàfárù.

GÀFÁRÙ: Mà. Ẹ… ẹ káàsán, mà.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Má kí mi! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lo fi ń kọjá lójú títì, o ò yà kí mi. Ọjọ́ òní ni o rí ẹnu? Wákàtí mẹ́ta ni mo fi àgò bò ọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ẹnu bò ọ́. Ọkọ mi kú, kò gbọ́. Àwọn ọmọ mi dàgbà, wọn ò gbọ́. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni, ojú á tì í. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ṣí àgò! O ṣí i tán, o jáde, o wá ti èmi sábẹ́ ẹ̀! O sì da ìtọ̀ lé mi lórí!

GÀFÁRÙ: Ìyá, ẹ má bínú—

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Mo ń bínú! Ọmọ ọmọ mi wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa ń tọ̀?" Èmi! Èmi tí mo dúró síwájú igi, síwájú àdá, tí ìtọ̀ ò kán lára mi!

[Ohun tó wúwo dún gbì lọ́dọ̀ Gàfárù. Àwọn irin wẹ́wẹ́ fọ́n ká.]

MALIKAH: Bàbá? Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

YÉSÚFÙ: Ó ti dọ̀bálẹ̀.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Fóònù kì í rí ìdọ̀bálẹ̀.

YÉSÚFÙ: Mo rí i fún yín, Ìyá.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Ṣé àyà rẹ̀ kanlẹ̀? Àbí ó fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí?

YÉSÚFÙ: Ó kanlẹ̀, mà. Inú ìdí rédíò tó tú sílẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí. Ó ń gún un.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Jẹ́ kó gún un díẹ̀.

MALIKAH: Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Bàbá, kọ̀ǹpútà wà níwájú mi. Ẹ pè é kí n kọ ọ́.

GÀFÁRÙ: [láti ilẹ̀] Orúkọ wọn ni kó ṣáájú.

MALIKAH: "Rísíkátù ń sin adìẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Ìfọ́n…" Ẹ máa bọ̀.

GÀFÁRÙ: Ọkùnrin kan sá wọlé tọ̀ wọ́n wá lọ́jọ́ ìjà. Wọn ò béèrè ìlú ẹ̀. Wọ́n ṣí àgò.

MALIKAH: Ṣé "ọkùnrin kan" ni kí n fi í sílẹ̀, sà? Mo lè yọ orúkọ yín. Kò sí ọmọ Ìlobùú tó máa mọ̀.

[Rédíò sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ìlà ń ṣe kìrà-kìrà. Malikah ò sún mọ́ bọ́tìnnì kankan.]

GÀFÁRÙ: Kọ Gàfárù.

MALIKAH: Ó dá yín lójú?

GÀFÁRÙ: Mo ní kọ Gàfárù! Atúnrédíòṣe, ọmọ Ìlobùú. Kọ ọ́ pé Gàfárù ló wà lábẹ́ àgò. Kọ ọ́ pé Gàfárù ló tọ̀ sára.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Yọ ìtọ̀ kúrò níbẹ̀, ọmọ. Ó ti tó.

GÀFÁRÙ: Kò tíì tó, mà.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Mo ní kó yọ ọ́! Mo ti bò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo lè bò ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

GÀFÁRÙ: Ẹ má bò mí mọ́! Tí a bá yọ ọ́, ìtọ̀ yẹn á ṣì wà lára yín. Àwọn ọmọ yẹn ò ní gbàgbé, irọ́ ni mo pa tí mo ní wọ́n á gbàgbé. Orúkọ tí èèyàn ò bá wá gbà kúrò lórí ẹni, kì í dédé kúrò. Ẹ gbé e fún mi. Tèmi ni. Kí wọ́n máa pè mí ní Bàbá Atọ̀lé láti ìhín dé Òṣogbo.

YÉSÚFÙ: Wọ́n á pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè bá wọn bẹ̀rẹ̀.

GÀFÁRÙ: Yésúfù, inú àjà ni o wà!

MALIKAH: Mo ti kọ ọ́, Bàbá.

[Ohùn Malikah ò le mọ́. Ó nu imú.]

GÀFÁRÙ: Ṣé o fi í ránṣẹ́?

MALIKAH: Mo ti fi í ránṣẹ́. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Dámiláre ti dáhùn. Ó ní ṣé òótọ́ ni àbí ìkan nínú àwàdà yín.

GÀFÁRÙ: Sọ fún un pé òótọ́ ni. Ẹlẹ́rìí méjì.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Gàfárù, rédíò wo ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ látìgbà yìí?

[Àwọn irin wẹ́wẹ́ tún ń dún lábẹ́ Gàfárù.]

GÀFÁRÙ: Rédíò… rédíò ṣọ́ọ̀bù ni, mà.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Mo mọ ohùn yẹn. Ó máa ń fi imú sọ̀rọ̀.

YÉSÚFÙ: Ìyá, ṣé èyí tó pupa, tí wọ́n fi igi ṣe ọwọ́ ẹ̀?

GÀFÁRÙ: Yésúfù, lọ ránṣọ!

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Rédíò mi nìyẹn!

GÀFÁRÙ: Mo gbá a mọ́ra lábẹ́ àgò yẹn ni, mà. Nígbà tí ẹ ní kí n sá, mo sá tòun ti rédíò. Mo fẹ́ gbé e padà. Tí mo bá gbé e padà, wọ́n á bi mí ibi tí mo ti rí i. Ẹ wò ó, mi ò jẹ́ kó kú. Gbogbo inú ẹ̀ ni mo ti pààrọ̀. Mi ò pa á rí lọ́jọ́ kan. Yésúfù, gbé e sókè, gbé e sún mọ́ fóònù. Ìyá, ẹ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

[Rédíò pupa bo gbogbo ìlà. Lóòótọ́, ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ Malikah, obìnrin àgbà kan ń rẹ́rìn-ín, ó ń bínú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.]

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Gbé e wá.

GÀFÁRÙ: Mo ń bọ̀, mà.

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Lónìí! Kí Tọ̀yìbátù rí ọ. Wá fi ẹnu rẹ sọ fún un.

GÀFÁRÙ: Lónìí ni, mà. Mo ti dìde. Yésúfù, bá mi wá ọ̀kadà. Fìlà mi dà? Malikah!

MALIKAH: Sà?

GÀFÁRÙ: Mo ṣì ń bá ọ bínú.

MALIKAH: Èmi náà ń bá yín bínú, sà.

GÀFÁRÙ: Ó dáa. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mí.

MALIKAH: Mo mọ̀, sà. Àgò náà ṣì wà níbí o. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí.

GÀFÁRÙ: Ó ṣì— Kí ló wà nínú ẹ̀?

ÌYÁ RÍSÍKÁTÙ: Kí ni wọ́n máa ń kó sínú àgò?

[Adìẹ ké. Kì í ṣe ẹyọ kan.]

GÀFÁRÙ: Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀! Ẹ so wọ́n kí n tó dé! Malikah, ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ẹ so adìẹ yẹn! Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìlà já.]